Ẹni Tí Ó Dúró ní Oríta Wenbury

Ní ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Karùn-ún ọdún 1975, ní abúlé Wenbury ní ilẹ̀ Shropshire nílùú òyìnbó, Marian Beddoes, ọmọ kan ṣoṣo tí Horace Beddoes bí, kọ́kọ́ fi ojú kan Alwyn Preece. Òjò ń rọ̀. Ọkùnrin náà dúró ní oríta nínú aṣọ òjò aláwọ̀ ìyeyè, ó na ọwọ́ ọ̀tún gbọọrọ sí ọ̀nà ilé ọtí, omi sì ń kán tó-tó-tó ní ìka rẹ̀ bí ọ̀ṣọ̀rọ̀ etí òrùlé.

Marian tẹ bíréèkì kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Ẹ kú ìdúró o. Ṣé wọ́n rì yín mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni?”

“Alága ló ní kí n má kúrò.”

“Bàbá mi ní kẹ́ ẹ dúró, kò ní kẹ́ ẹ máa júwe ọ̀nà fún màlúù.”

Ọkùnrin náà wo ẹ̀yìn. Lóòótọ́ ni màlúù mẹ́ta na ọrùn lórí ọgbà, tí wọ́n tẹjú mọ́ ìka rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sọ ọwọ́ náà kalẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni Marian gbé lọ sórí kẹ̀kẹ́, tí òkè Wenbury kò fi ga lójú rẹ̀ mọ́.

Òfin ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ tí gbogbo wọn wà kò ṣòro. Bí wọ́n bá dé oríta, ẹnì kan yóò dúró láti tọ́ka ọ̀nà, kò sì gbọdọ̀ kúrò títí akẹ́yìn, ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn gbogbo wọn, yóò fi kọjá. Horace Beddoes, alága ẹgbẹ́, ni akẹ́yìn wọn láti ìgbà tí Marian ti wà ní ọmọdé.

Láti abúlé dé abúlé ni wọ́n ń wá ọtí bíà àtijọ́ tí ó ṣì ń mí, tí ìwúkàrà rẹ̀ kò tí ì kú, nínú àgbá igi. Èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tì jáde láti inú àgbá irin, omi ọṣẹ ni Horace ń pè é. Ilé ọtí kan ṣoṣo ni ó fi òfin dè ní gbogbo agbègbè náà: Àgùntàn Mẹ́ta, ti Ìyá Tudge, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì Wenbury. Obìnrin náà ti sọ lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà kan pé ẹnu Horace mọ ọtí ju ọ̀fun rẹ̀ lọ.

“Ọtí kíkan ló ń tà,” ni Horace máa ń wí. “Kẹ̀kẹ́ mi ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ láéláé.”

Alwyn, ẹni tí ó ń tún dùùrù ṣe káàkiri, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé ọtí yòówù, bí wọ́n bá gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì sílẹ̀, yóò yọ́ àlùbọ́sà inú ọtí kíkan tirẹ̀ sínú àwo Marian.

“Ṣé o fẹ́ kí n máa sunkún ni?”

“Mo fẹ́ kó o jẹun kánú. Òkè ń bẹ níwájú.”

“Olówó orí àlùbọ́sà!”

“Olólùfẹ́ mi, má pariwo. Bàbá ẹ ń bọ̀.”

Ìyá Marian ti kú tipẹ́. Bàbá rẹ̀ nìkan ni ó tọ́ ọ. Nítorí náà ni ó fi sọ fún Alwyn pé òun kò ní fẹ́ ọkọ tí Horace bá kọ ẹ̀yìn sí. Alwyn gbà. Ọjọ́ ìrìn oṣù Kẹjọ ni ó yàn láti bá bàbá náà sọ̀rọ̀.

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ náà. Oríta Wenbury ni wọ́n fi Alwyn sí. Nígbà tí àwọn yòókù ti mutí tán ní ilé ọtí ìkẹyìn, Horace wọlé, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

“Kò sẹ́nì kankan ní oríta! Mo ṣìnà!”

Ó pẹ́ kí Alwyn tó dé, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. “Bàbá, mo dúró títí. Ẹ ò kọjá.”

“Ṣé èmi ni mò ń purọ́? Ẹni tí ò lè ṣọ́ oríta ò lè ṣọ́ ọmọ mi!”

Marian wo àwọn méjèèjì. Kò tí ì gbọ́ irọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀ rí. Kò sì tí ì rí kí Alwyn kúrò níbi tí a fi í sí rí. Ní gbogbo oṣù Kẹsàn-án, kò gun kẹ̀kẹ́. Horace pàápàá kì í jẹun tán mọ́.

Ní ọjọ́ ìrìn àṣekẹ́yìn ọdún náà, Horace kéde pé kí a má fi Alwyn sí oríta kankan. Nígbà tí wọ́n dé Wenbury, Marian sọ̀ kalẹ̀.

“Èmi ni mo máa dúró níbí. Alwyn, wá dúró tì mí.”

Àwọn yòókù kọjá. Alwyn wò ó. “Ṣé o ti wá gbà mí gbọ́?”

“Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó máa ń dúró ni mo mọ̀.”

“Tí Bàbá bá kọ̀ ńkọ́?”

“A ó jọ dúró dè é títí ọkàn ẹ̀ á fi rọ̀.”

Alwyn di ọwọ́ rẹ̀ mú. “Marian, ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Màá fẹ́ ẹ. Ó yá, nawọ́ síbi tó yẹ, màlúù ń wò wá.”

Bí Horace ti yọ lókèèrè ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀. Àwọn tí ó ti lọ ṣẹ́rí padà, gbogbo wọn sì sáré wọ abẹ́ òrùlé tí ó súnmọ́ jù lọ: Àgùntàn Mẹ́ta. Horace dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yìnyín fi gbá a létí, ó sì wọlé.

Ìyá Tudge kò bi í ní ohun tí yóò mu. Ó nàgà sí ibi tí ife àwọn oníbàárà rẹ̀ gbé rọ̀, ó mú ife tánganran kan tí a gbẹ́ lẹ́tà H àti B sí lára, ó sì pọn ọtí dúdú kún un.

“Ọ̀gbẹ́ni Beddoes, ojú yín rèé! Láti ọjọ́ òjò oṣù Kẹjọ la ò ti rí yín mọ́. Ṣé ẹ bá àwọn èèyàn yín lọ́jọ́ náà, bẹ́ ẹ ṣe sáré gba inú itẹ́ òkú jáde?”

Gbogbo wọn yíjú sí Horace. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ọ̀nà itẹ́ òkú láti ilé ọtí náà kì í kan oríta.

Cyril, aláwàdà ẹgbẹ́, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Alága, ṣé ọtí kíkan yẹn nìyí?”

Horace wo ife náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọwọ́ tí Alwyn fi di tirẹ̀ mú. Ó ṣí fìlà.

“Mo ní ẹni tí ò lè ṣọ́ oríta ò lè ṣọ́ ọmọ mi. Ọmọkùnrin yìí ṣọ́ ọ nínú òjò, ó sì gbẹ́bi ẹlẹ́bi. Marian, ọkọ ẹ nìyẹn, tó bá lè forí jì mí. Ẹ gbọ́ o, gbogbo yín: ẹni tó pa òfin tì lọ́jọ́ náà, tó sì purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, èmi Horace Beddoes ni.”