Ẹ̀rí-Dà àti Etí-Kejì

Ẹsẹ̀ ọkùnrin náà ni aránṣọ kọ́kọ́ rí: ẹsẹ̀ gígùn méjì tó yọ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, tí bàtà kan kò ní okùn. Ọ̀gá rẹ̀ ló ránṣẹ́ pe atún-ẹ̀rọ-ṣe nígbà tí aránṣọ lọ ra òwú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú un dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ohùn mínísítà ilé gbígbé tó ń jáde nínú àpò ẹ̀wù ọkùnrin náà. Ohùn kan náà ló ń jáde nínú fóònù ọwọ́ tirẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ìjókòó ilé aṣòfin?"

Ọkùnrin náà yọ orí. Epo ẹ̀rọ wà lórí imú rẹ̀. "Mo rò pé èmi nìkan ni orí mi dàrú."

"Àwa méjì ni, nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ aránṣọ lára, ìyẹn gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

Kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀ kan máa ń wá jẹun nílé wọn, á máa fọwọ́ sọ̀yà pé ìjọba ò ní wó ilé ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ kò kó ẹrù. Ní ìdájí ọjọ́ kan, katapílà dé. Abẹ́ òrùlé ilé ìwé ni wọ́n sùn, lórí ẹní tí òjò ti rin. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó gbọ́ pé ìjọba ló gba ọ̀rẹ́ náà síṣẹ́ kó lè máa fi ọ̀rọ̀ dídùn tan àwọn ènìyàn.

Bí aránṣọ ṣe di Ẹ̀rí-Dà lórí ayélujára nìyẹn. Ẹni tó bá ti yin ìjọba, ìbéèrè kan ló ń kọ sí i nísàlẹ̀: "Ẹ̀rí dà?"

Ẹ̀rọ ìránṣọ náà wá ń bàjẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Ọ̀gá rẹ̀ ní, "Ẹ̀rọ yìí kò ṣàìsàn kankan o. Ìfẹ́ ló ń ṣe é." Ṣùgbọ́n nígbà tí aránṣọ mú ọkùnrin náà lọ han bàbá rẹ̀, bàbá wò ó títí, ó ní, "Ẹnu rẹ̀ dùn. Ẹnu ọ̀rẹ́ mi náà dùn bẹ́ẹ̀."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọkùnrin náà gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó lọ fọwọ́. Fóònù tàn. Aránṣọ rí orúkọ tí ọkùnrin náà fi ń kọ̀wé lórí ayélujára lójú rẹ̀: Etí-Kejì. Ó mọ Etí-Kejì dáadáa. Ó ti ń bá a jà lórí ayélujára láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì dá a lóhùn rí. Òun ló kọ ọ́ pé: "A ò ní wó ilé kankan. Ẹ fọkàn balẹ̀."

"Ìwọ ni Etí-Kejì?"

"Èmi ni."

"Kí ni ìjọba ń fún ẹ?"

"Ìyàwó mi lọ́la, jẹ́ kí n—"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀! Irú ọ̀rọ̀ dídùn yìí ló wó ilé bàbá mi."

Ọkùnrin náà mú fóònù rẹ̀. "Bí mo bá ṣàlàyé, wàá ní ẹnu mi dùn. Ọjọ́ tí ilé aṣòfin bá tún jókòó, wá sílé wa. Kí o fojú ara rẹ rí i."

Aránṣọ lọ lóòótọ́, bí ọlọ́pàá ṣe ń lọ mú olè. Ìyá ọkùnrin náà ló ṣílẹ̀kùn, ó sì ń pariwo bí ẹni tó wà lókè odò. "Wọlé, ọmọ mi! Kọjú sí mi kí n rí ẹnu rẹ, etí mi ti di pátápátá!"

Nínú pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń fi ilé aṣòfin hàn. Ìyá gbé fóònù sórí itan. Nínú yàrá kejì, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ jókòó, ó fi nǹkan ìgbọ́hùn bọ etí, ìka rẹ̀ ń sáré lórí fóònù. Mínísítà lanu, ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn lójú fóònù ìyá. Aṣòfin alátakò kan dìde, "Irọ́ ni mínísítà ń pa!" hàn bákan náà, lábẹ́ orúkọ Etí-Kejì kan náà.

Aránṣọ fa àga kan sún mọ́ ìyá. Ó jókòó. Ọ̀rọ̀ tí ìyá kò lè gbọ́ ni ọkùnrin náà ń kọ fún un, ṣùgbọ́n kì í kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí ìyá rẹ̀ ń rí ojú wọn. Àwọn tó ń kà á lórí ayélujára ni kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Aránṣọ fúnra rẹ̀, ibi tó ń dùn ún nìkan ló ti ń kà á.

Ojú ìyá bọ́ sí orúkọ tó wà lójú fóònù aránṣọ. "Ṣé ìwọ kọ́ ni Ẹ̀rí-Dà tó ń bú ọmọ mi?" ni ìyá bi í. "Òun kì í ka èsì. Èmi ni mo ń kà á!"

Kó tó dáhùn, ìyá tẹjú mọ́ fóònù. "Kí ni mínísítà ń wí yìí? 'Aránṣọ, ṣé o máa fẹ́ mi?' Tòun ti ewú orí ẹ̀!"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú fóònù tirẹ̀, ó kọ ọ́ sísàlẹ̀: "Ẹ̀rí dà?"

Ọkùnrin náà yọ sẹ́nu ọ̀nà. Mínísítà ń sọ̀rọ̀ lọ, kò sẹ́ni tó ń kọ ọ́.

"Mi ò ní ẹ̀rí ju èyí tí o rí lọ," ló wí.

"Bàbá mi ò ní gbà á gbọ́ lẹ́nu mi."

"Mú wọn wá ní ìjókòó tó ń bọ̀. Àga ṣì wà."

Aránṣọ wò ó dáadáa. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Mi ò sì ní yéé ṣọ́ ẹ."

"Máa ṣọ́ mi. Ohun tí a ò ṣọ́ ló ń bàjẹ́."

Ọkùnrin náà padà sórí àga rẹ̀. Ìlà tuntun kan hàn, ìyá sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ kà á débi tí àdúgbò gbọ́:

"Atún-ẹ̀rọ-ṣe: Mo fẹ́ràn rẹ."