Ìwé Tí Ìyá Mujeeb Tẹ̀ka Sí

Bí o bá pe Tìmílẹ́hìn ní olè nígbà náà, ìjà ni ẹ ó jà, nítorí kò fọ́lé ẹnikẹ́ni rí. Ẹnu ló ń tà. Òun ni àwọn alágbára ilẹ̀ òkèèrè máa ń rán sí àwọn aṣòfin wa lábẹ́lẹ̀, kí ó lè bá wọn sọ orúkọ wọn di mímọ́. Ó ti bá àwọn olórí tí ayé ń sá fún jẹun, ó sì gbé fọ́tò wọn kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ n'Íkòròdú. Ọjọ́ Ìsinmi kò sì kọjá kó má lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àga iwájú ló ń jókòó sí.

Ọ̀gágun kan wà lára wọn tó fi ìbọn gbàjọba ní ilẹ̀ etíkun kan. Ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn bíi tirẹ̀ pọ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti Ejinrin ń pẹja níbẹ̀. Nígbà tí ìlú dàrú, ó kó àwọn apẹja àlejò sẹ́wọ̀n, ó ní amí ni wọ́n. Ìròyìn kò tíì dé Ejinrin, ṣùgbọ́n ó ti dé Àbújá, àwọn aṣòfin sì fẹ́ wádìí rẹ̀. Ni ọ̀gágun bá ké sí Tìmílẹ́hìn.

Tìmílẹ́hìn dá ọgbọ́n kan. Bí àwọn òbí apẹja bá kọ̀wé fúnra wọn pé àlàáfíà ni àwọn ọmọ wọn wà, ta ni yóò tún máa wádìí? Lọ́jọ́ ọjà Ejinrin, ó gbé ìwé òyìnbó kan lọ pẹ̀lú páàdì íńkì. Ó ní ìwé tí a fi ń bẹ ìjọba fún èbúté tuntun ni. Ta ni kò fẹ́ èbúté? Àwọn òbí apẹja tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ka, wọ́n sì ń ṣàdúrà fún un. Ẹni kẹsàn-án ni Mùsílímátù, opó tó ń yan ẹja, tí Mujeeb ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà nílẹ̀ yẹn. Ohun tí obìnrin náà tẹ̀ka sí ni pé ọmọ òun kò sí lẹ́wọ̀n.

Wọ́n ka ìwé náà níwájú àwọn aṣòfin, ọ̀rọ̀ sì bùṣe.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Tìmílẹ́hìn ń ti Ẹ̀pẹ́ bọ̀, ó yà sí Ejinrin láti ra ẹja. Mùsílímátù rí i, ó sáré bá a.

"Ọ̀gá, Ọlọ́run ló gbé yín wá! Wọ́n ti mú Mujeeb o! Ẹni tó sá àsálà ló wá sọ fún mi. Mo dé ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n ní kò sí ọmọ wa lẹ́wọ̀n níbẹ̀, pé àwa òbí la kọ̀wé bẹ́ẹ̀. Òbí wo ló máa kọ irú ẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi kọ tèmi. Màá tẹ̀ka sí i."

Ó ti na àtàǹpàkò rẹ̀ sílẹ̀.

 Tìmílẹ́hìn ní, "Mo máa rí sí i, ìyá." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó gbàgbé ẹja tó rà.

Ẹ wá wo ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀! Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní ọ̀gágun yóò bínú. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ní ọ̀sẹ̀ keje, wọ́n ń pín oúnjẹ Olúwa ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò lè na ọwọ́ gbà á. Ìtìjú bá a, ó dìde, ó jáde.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dúró de Fisáyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, níwájú iléeṣẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ló jọ ti Ìkirè wá, yàrá kan ni wọ́n sì jọ rẹ́ǹtì nígbà tí ojú ń pọ́n wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Màá kọ́lé fún ìyá yẹn, Fisáyọ̀."

"Ṣé ilé ló ní kó o bá òun wá ni? Tìmí, ó pẹ́ tó o ti ń fi ṣọ́ọ̀ṣì bojú. Jésù kú fún ẹ. Jẹ́wọ́ fún un níbí, ká wá jọ lọ sí Ejinrin."

"Àwọn èèyàn ọ̀gágun yẹn lè pa mí o."

"Mo mọ̀. Mo ń bá ẹ lọ."

Tìmílẹ́hìn kúnlẹ̀ lẹ́bàá títì, àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ wọ bọ́ọ̀sì. Ó sunkún bí ọmọdé. Kò pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní àṣìṣe; ó pè é ní ohun tó jẹ́, irọ́ àti ìkà. Ibẹ̀ ni Jésù ti gbà á.

Ní Ejinrin, ó dọ̀bálẹ̀ sórí ìpẹ́ ẹja, ó jẹ́wọ́.  Nígbà tí Mùsílímátù la ẹnu, kò pè é ní ọ̀gá mọ́.

"O mọ̀ nígbà tí mo na ìka sí ẹ?"

"Mo mọ̀, mà."

"Kọ òótọ́ sínú ìwé tuntun. Ìwọ náà á tẹ̀ka."

Ó kọ ọ́. Obìnrin náà tẹ̀ka, Tìmílẹ́hìn sì tẹ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e lọ sí Àbújá, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún àwọn aṣòfin pé òun ló parọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ ńláńlá sá fún un. Àwọn ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè é. Ṣùgbọ́n ìwádìí tún bẹ̀rẹ̀, kò sì ju oṣù kan lọ tí ọ̀gágun náà fi tú àwọn apẹja sílẹ̀.

Mujeeb padà délé, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò ríran mọ́. Ìdí ìbọn ni wọ́n fi gbá a, kò sì sí oògùn. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ìtúnu Ààwẹ̀ ni ojú náà kú pátápátá. Tìmílẹ́hìn kà á lọ́kàn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni, lẹ́yìn tó ti sọ pé, "Mo máa rí sí i, ìyá."

Ọlọ́run ti dárí jì í, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń kọrin rẹ̀. Síbẹ̀, bó bá lọ kí wọn ní Ejinrin, tí Mujeeb yí ọrùn wá ife omi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀, orí Tìmílẹ́hìn a máa wálẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí, n kò mọ irọ́ tí ìwọ fọwọ́ sí. Ó lè jẹ́ níwájú ọkọ tàbí aya rẹ, ó lè jẹ́ ní ibi iṣẹ́ rẹ. O ti mọ ohun tó yẹ kí o ṣe, o ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó láti wẹ̀ ọ́ nù ní wákàtí yìí. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà tó ń jìyà nígbà tí o ń fi í falẹ̀, ohun tó bá sì bàjẹ́ lára rẹ̀ lè má padà mọ́.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ pé, "Jésù, èmi ni mo ṣe é. Gbà mí." Kí o sì dìde lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀. Má ṣe sọ fún Olúwa pé o máa rí sí i.