Òrí Ìyá Àgbà Kì í Fò

Ẹ fìdí kalẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, sún mọ́ wa. Ìtàn kan wà lẹ́nu mi tó rọ̀ bí òrí, kò sì ní í pẹ́ ju ìgbà tí omi fi ń hó lọ.

Lábẹ́ àtíbàbà kan ní abúlé Goro ni Raoudath dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kámẹ́rà tonton rẹ̀, ọmọ ìyá àgbà rẹ̀ ọkùnrin, lọ́rùn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, Tchaourou ló ti ń kàwé. Níwájú rẹ̀ ni ìyá àgbà rẹ̀, Maïmounatou, jókòó sí, abọ́ ńlá tí èmì lílọ̀ kún inú rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Títí dé Kika, kò sẹ́ni tó ń po èmì di òrí bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ti ń dùn ún, ó sì ti ní abọ́ yìí ni òun máa pò kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin Alafiarou fi bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ya iṣẹ́ náà ní fídíò, kí àwọn ọmọbìnrin wọn lè rí i kọ́.

Nínú àwọ̀ ni iṣẹ́ ọ̀hún wà. Bí a bá ń po èmì, pípọ́n ni yóò kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú. Àwọ̀ rẹ̀ yóò máa ṣí díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dà bí eérú. Láàárín ìyípadà yẹn, ìgbà kan wà tó yẹ kí a bu omi tútù sí i. Ẹni tó bá yá jù, tirẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá pẹ́ jù, tirẹ̀ bàjẹ́.

Tonton Malik, ọmọ ìyá àgbà, tó ń ya fídíò ìgbéyàwó kiri, ní iṣẹ́ ní Parakou lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, kó tó lọ, ó fi kámẹ́rà lé Raoudath lọ́wọ́, ó sì fi bọ́tìnnì kan hàn án.

"Má fọwọ́ kan èyí o. Bí mo ṣe gbé e sí yìí, kámẹ́rà ń pín pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù sí ìpele ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́rìnlélógún lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí o bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta péré ló máa kù. Abẹ́ àtíbàbà yẹn ṣókùnkùn, màá ní láti jẹ́ kó mọ́lẹ̀ sí i lórí kọ̀ǹpútà. Àwọ̀ tí a kò bá kó sílé, a kò lè rí i fà yọ."

"D'accord, tonton," ni Raoudath fi gbà.

Ṣùgbọ́n Karimath, ọ̀rẹ́ rẹ̀, bá a wá sí Goro. Ijó tí àwọn méjèèjì yà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún káàdì kámẹ́rà.

"Ààyè kò ní í tó," ni Raoudath wí. "Àfi ká pa ijó wa rẹ́."

"Ah non! Ijó wa kẹ̀? Rẹ àwọ̀ yẹn sílẹ̀, ààyè á yọ. Ṣé fóònù àwọn ìyá Alafiarou lè fi gbogbo àwọ̀ yẹn hàn ni? Ta ló máa mọ̀?"

Raoudath wẹ̀yìn, ó tẹ bọ́tìnnì. Lójú kámẹ́rà, àwòrán náà kò yàtọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó sì ya iṣẹ́ náà títí dé òpin.

Ní ọjọ́ kejì, gbogbo wọn jókòó níwájú kọ̀ǹpútà tonton. Bó ṣe jẹ́ kí àwòrán mọ́lẹ̀, ojú èmì pín sí ìlà-ìlà bí àtẹ̀gùn. Ó pọ́n, ó sì fò dé àwọ̀ eérú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Malik, òrí ta nìyí?" ni ìyá àgbà bi í.

"Tiyín ni, Ìyá."

"Irọ́. Òrí mi kì í fò, ńṣe ló ń yí. Ọmọ tó bá fi èyí kọ́ṣẹ́, èmì ló máa fi ṣòfò."

Tonton mi orí. "Bon, bóyá kámẹ́rà yìí ló ti ń darúgbó."

Raoudath wo Karimath. Ọ̀nà àbáyọ rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ṣùgbọ́n ó rí ìyá àgbà tó ń fọwọ́ ra ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó wú, ó sì kúnlẹ̀.

"Tonton, kì í ṣe kámẹ́rà. Èmi ni mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, nítorí ijó wa. Mo rò pé fóònù wọn ò ní í fi í hàn."

Tonton yíjú sí i. "Òótọ́ ni, fóònù wọn ò lè fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ mu omi ife kan, ṣé á ní kí kànga má ju ife lọ?"

Omijé bọ́ lójú Raoudath. Ìyá àgbà ló fà á dìde.

"Ó tó. Èmì ṣì kù nínú àpò. Ọwọ́ tèmi ni kò sí mọ́. Tìrẹ ńkọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni Raoudath ṣe jókòó ti abọ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Tonton ló gbé kámẹ́rà, Karimath gbé omi tútù dání. Òógùn bo ọmọ náà.

"Ìwọ tí o mọ ijó jó," ni ìyá àgbà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, "jẹ́ kí apá náà jó ká rí i!"

Raoudath tẹjú mọ́ abọ́. Àwọ̀ tó pọ́n bí ọ̀nà Alafiarou ṣí di ti ewé gbígbẹ, ó ṣí di ti eruku ọyẹ́. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọ̀ tó pọ̀ tó báyìí lè wà láàárín pupa àti eérú. Ìyá àgbà kò tíì lanu tí Raoudath fi ké:

"Ó ti yí! Karimath, da omi!"

Òrí léfòó, ó funfun bí lékeléke.

"Alihamudulilahi," ni ìyá àgbà wí. Ó bu díẹ̀, ó fi pa ọrùn ọwọ́ Raoudath.

"Ẹ ṣé, ìyá àgbà. Ẹ ò lé mi."

"Èmi ni mo dúpẹ́, ọmọ mi. Mo rò pé inú fídíò ni iṣẹ́ mi máa kù sí. Àṣé ó ṣì máa rí ọwọ́ gbé."

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí wọ́n bá fi sí ìkáwọ́ yín, ẹ má gé e kúrú nítorí pé ẹ rò pé ojú ẹnikẹ́ni kò ní í tó o. Bí ẹ bá sì ti gé e, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí èmì ṣì kù nínú àpò.

Ẹnu Karimath ni mo ti gbọ́ ọ. Ó ní òun ló ní kí ọ̀rẹ́ òun tẹ bọ́tìnnì, òun náà ló da omi tútù. Bó ṣe bù ú fún mi ni mo ṣe bù ú fún yín.