Màmá Ò Sí Nílé

Kó, kó, kó!

Bí ilẹ̀kùn ṣe dún báyìí, máṣíìnì ìránṣọ dákẹ́, orin tí aránṣọ ń kùn nídìí rẹ̀ sì dákẹ́. Aránṣọ sáré wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì tí àwọn oníbàárà ti máa ń wọ aṣọ tuntun wò, ó fi ìka kan ẹnu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, mọ ohun tó kàn. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ṣùgbọ́n irọ́ ẹnu ọ̀nà ti yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni ń ka ábídí.

Ó rò pé aṣojú olówó èlé ló dé. Àṣé Màmá Akọrin ni, ìyá àgbà tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àpò ńlá kan wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán, ọmọ mi. Màmá ẹ ńkọ́?"

"Wọn ò sí nílé, mà. Wọ́n rìnrìn àjò."

"Háà! Wọ́n á pẹ́ níbẹ̀?"

"Ó máa tó oṣù méjì, mà."

Màmá Akọrin wo ẹ̀yìn Abẹ́rẹ́. Kẹ̀kẹ́ máṣíìnì ṣì ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò tíì dúró. Ìyá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Máṣíìnì yín mà gbọ́n o! Ó ń ránṣọ fúnra rẹ̀." Ó gbé àpò rẹ̀, ó lọ.

Aránṣọ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Ọdún tó kọjá ló yá owó ra máṣíìnì náà. Kò pẹ́ sígbà náà ló ṣubú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán, kò lè ránṣọ fún oṣù mẹ́ta gbáko, èlé sì ń gorí èlé. Ìtìjú bá mú un. Akọrin ni òun náà, ṣùgbọ́n kò lọ síbi ìdánrawò orin mọ́, nígbà tó yá, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi mọ́. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá gbé ohùn kejì, ara gbogbo ìjọ á yá gágá, ó wá di ẹni tó ń kùn nídìí máṣíìnì bí kòkòrò oyin tí wọ́n há mọ́nú ìgò. Ìwé tí olówó èlé bá fi ránṣẹ́, kì í tú u. Inú agolo bọ́tìnnì ló ń rọ́ ọ sí.

Lọ́jọ́ Ajé, aṣojú olówó èlé dé lóòótọ́. "Màmá ò sí nílé," Abẹ́rẹ́ ní.

"Bó bá dé, sọ fún un pé tá ò bá rí nǹkan kan gbà títí Sátidé, máṣíìnì yẹn là ń gbé lọ."

Ní Ọjọ́rú, bí Abẹ́rẹ́ ṣe ń ti ilé ìwé bọ̀, ó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kejì ládùúgbò, ẹni tí wọ́n ń pè ní Olójú-Mẹ́rin nítorí awò ojú rẹ̀. Aṣọ pupa dídán kún orí tábìlì.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Aṣọ yìí mà dára o."

"Ti akọrin ṣọ́ọ̀ṣì yín ni, ogún ẹyọ! Ilé yín ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ, wọ́n ní màmá ẹ rìnrìn àjò." Olójú-Mẹ́rin fi eyín gé òwú. "Èmi ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ ìrìn àjò."

Abẹ́rẹ́ wá rántí. Àpò ńlá ọjọ́sí! Iṣẹ́ ni Màmá Akọrin gbé wá bá wọn, òun Abẹ́rẹ́ ló sì fi irọ́ dá a padà. Bí òun bá dákẹ́, ta ló máa mọ̀? Kò sẹ́nì kankan. Ṣùgbọ́n Sátidé ń bọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Àwọn akọrin ń dánra wò lọ́wọ́. Orin náà dà bí aṣọ tí wọn ò rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Àga kan ṣófo láàárín wọn, àga ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

"Mà, mo purọ́ fún yín," Abẹ́rẹ́ wí fún Màmá Akọrin. "Màmá ò rìnrìn àjò. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni wọ́n wà."

"Mo mọ̀. Àbí áńgẹ́lì ló ń yí kẹ̀kẹ́ máṣíìnì?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

"Mi ò fẹ́ jálẹ̀kùn yín wọlé, ọmọ mi. Mo ń retí kí ẹ ṣí i fún mi ni."

Ni Abẹ́rẹ́ bá bú sẹ́kún, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Bàbá Báǹkì, bàbá arúgbó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báǹkì, pa ìwé orin rẹ̀ dé. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń jókòó ní yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tíì àti búrẹ́dì á wà níbẹ̀, ẹni tí gbèsè bá wọ̀ lọ́rùn á sì wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mẹ́ta nínú àwa tó ń kọrin yìí ló ti wá síbẹ̀ rí," ó ní. "Èmi gan-an ti jẹ gbèsè rí."

"Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ní báǹkì, sà?"

"Owó ẹlòmíràn ni mo mọ̀ ọ́n kà!"

Àwọn méjèèjì tẹ̀lé Abẹ́rẹ́ délé. Wọn ò kanlẹ̀kùn. Orí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ni wọ́n jókòó sí, Màmá Akọrin sì dá orin:

"Mo ti ilẹ̀kùn mi, Olúwa,
Wá bá mi jókòó nínú ilé."

Bàbá Báǹkì gbé ohùn kejì. Yéè! Ohùn náà já sínú igbó, kò rọ́nà jáde. Lójijì, ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn kọ́tìnì: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Ibẹ̀ kọ́ ló ń gbà! Ẹ gbé e sókè!"

Ni Màmá Akọrin bá bú sẹ́rìn-ín. "Arìnrìn-àjò, ẹ kú àbọ̀ o!"

Aránṣọ jáde, òwú wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ ń wolẹ̀. "Abẹ́rẹ́, ìwọ lo lọ pè wọ́n?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá rẹ̀ wọlé, ó gbé agolo bọ́tìnnì jáde, ó gbé e lé Bàbá Báǹkì lẹ́sẹ̀. Ìwé mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Bàbá tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìkeje, ó dúró. "Oṣù yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ka èlé rẹ̀. Ẹ ò rí i ni?"

"Mi ò tú u, sà," aránṣọ ní. Omi lé sí i lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn àgbà méjèèjì tẹ̀ lé e lọ bá olówó èlé. Olówó èlé yọ èlé tó kà lẹ́ẹ̀mejì kúrò, ó sì gbà kó máa san díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ò san gbèsè náà, wọn ò lówó tó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n aránṣọ ò dá nìkan lọ, Sátidé sì kọjá láìjẹ́ pé wọ́n gbé máṣíìnì lọ.

Ti aṣọ akọrin, iṣẹ́ náà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́là ọrùn aṣọ náà nìkan ni Olójú-Mẹ́rin pín fún un rán. "Ká ní a ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ yẹn," aránṣọ máa ń sọ, "odindi aṣọ ni ǹ bá máa rán." "A" ló ń wí, kò wí pé "o". Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ, ó sì dùn mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ọmọ, gbèsè wúwo, ṣùgbọ́n fífi ara pamọ́ nítorí rẹ̀ wúwo jù ú lọ. Irọ́ tí ẹ bá fi dá olówó èlé dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò dá olùrànlọ́wọ́ dúró pẹ̀lú. Ẹ sọ òótọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, kí ẹ sì tètè sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, kó, kó, kó! Máṣíìnì ò dákẹ́. Orin ò dákẹ́.

"Màmá, tó bá jẹ́ aṣojú olówó èlé ńkọ́?"

"Ṣílẹ̀kùn, jàre. Sọ fún un pé mo wà nílé."