Géètì Ìsàlẹ̀ Arówólò

Gbàù! Gbàù!

Agogo méje ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Òpópónà Arówólò, ní Ìgàndó. Ilẹ̀ kò tíì ṣú tán. Àwọn èèyàn ṣì ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Ọ̀kadà méjì já wọ àdúgbò náà, èèyàn méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Vúúúmù! Ilé Jàfárù, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ arúgbó jọ ń gbé, ni wọ́n dúró sí.

Festus ni orúkọ ọ̀gá wọn, ṣùgbọ́n Pánápáná ni àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń pè é. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ońdè ìṣọ́ra mẹ́ta ló so mọ́ apá.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀," ó ní. "Ojú tó bá wò mí, màá bá a dì í pa títí ayé."

Wọ́n kó fóònù. Wọ́n kó aṣọ oníbàárà tí Jàfárù ti rán tán. Wọ́n bọ́ yẹtí kúrò létí ìyá arúgbó náà. Jàfárù ní kí wọ́n ṣàánú òun, wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu.

Nígbà tí kò sí ohun tó kù láti kó mọ́, Pánápáná tú ṣòkòtò rẹ̀, ó sì tọ̀ sínú ike omi tí wọ́n ń mu. Ó fara balẹ̀ tọ̀ ọ́ tán. Ẹ̀rín ni àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ ń rín.

Pì-pá! Pì-pá! Ọkọ̀ ọlọ́pàá ti ń bọ̀.

Inspẹ́kítọ̀ Mojísọ́lá ló jókòó síwájú ọkọ̀ náà. Ó lé wọn gba ojú títì, ó lé wọn kọjá gọ́tà, ó lé wọn dé ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí géètì kan wà. Ọ̀nà tóóró tó bá ẹ̀gbẹ́ kánáàlì lọ sí Ìṣẹ̀rí-Olófin ló wà lẹ́yìn géètì náà. Ọ̀kadà lè gba ibẹ̀. Mọ́tò kò lè gbà á.

Ó yẹ kí géètì náà wà ní títì ní irú àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ọ̀kadà méjèèjì kọjá fíà. Pánápáná bojú wẹ̀yìn. Gbàù! Gíláàsì iwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá fọ́ yángá.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ lọ sinmi jàre," ó pariwo. "Ìbọn kì í ràn mí!"

Mojísọ́lá sọ̀kalẹ̀, ó dúró sínú òórùn kánáàlì náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi kan náà. Ó tutọ́ sílẹ̀.

Olóyè Báyọ̀dé, alága ìgbìmọ̀ ààbò àdúgbò, ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń mí ìmí ẹ̀dùn, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ṣàlàyé pé agádágodo géètì ló bàjẹ́, pé àwọn máa tún un ṣe láìpẹ́. Mojísọ́lá bi í pé àwọn ọdẹ àdúgbò ńkọ́. Olóyè ní wọ́n wà nípàdé nílé òun, àwọn ń jíròrò lórí ọ̀rọ̀ ààbò ni. Ó wá fún un ní omi tútù, Mojísọ́lá mu ún, ó dúpẹ́.

Lẹ́yìn òpópónà náà ni ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà. Olùkọ́ kan níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí, ti ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣèwádìí ìwà ipá tó ń ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wọn, kí wọ́n sì mú àbá wá lórí ohun tí a lè ṣe sí i. Wọ́n máa ka àbá náà níwájú gbogbo àdúgbò.

Àwọn mẹ́ta ni Arówólò bọ́ sí lọ́wọ́: Yahya, Fisáyọ̀ àti Ganiyat. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ganiyat. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá bi èèyàn ní nǹkan, kì í gbàgbé èsì rẹ̀.

Ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń lọ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Àwọn kan tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Àwọn kan ní kí wọ́n lọ gbájú mọ́ ìwé wọn. Àwọn mìíràn jókòó, wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Jàfárù ni ara wọn kò ti gbà á mọ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì wú, ìyàwó ilé kejì ló ń gbẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ fún wọn. Wọ́n ti gbé ike omi náà sọnù, síbẹ̀ ìyá arúgbó kò lè mu omi kankan nínú ilé yẹn mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ra tuntun. Fisáyọ̀ jáde síta, ó lọ bì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìdigunjalè mọ́kànlá ló wà nínú ìwé wọn. Wọ́n tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, wọ́n ń wò ó.

Ganiyat ló kọ́kọ́ rí i. Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, géètì ìsàlẹ̀ wà ní ṣíṣí. Nínú mọ́kọ̀ọ̀kànlá, ilé Olóyè Báyọ̀dé ni àwọn ọdẹ wà.

Yahya sọ pé bóyá àwọn olè kàn ń ṣọ́ àwọn ọdẹ ni.

"Ọ̀sán ni Olóyè ń pe ìpàdé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ń ṣe é," Ganiyat fèsì. "Kì í ní ọjọ́ pàtó. Ta ló ń sọ fún olè? Ta sì ni kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

Yahya fa ìlà sábẹ́ orúkọ Olóyè nínú ìwé náà.

Ẹ̀rù ba Ọ̀gbẹ́ni Ilésanmí nígbà tí wọ́n sọ fún un. Olóyè ló ra àga tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń jókòó lé ní kíláàsì. Èèyàn ńlá ni. Olùkọ́ náà ká ìwé náà kò, ó tún tú u. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó kó wọn lọ bá Inspẹ́kítọ̀ Mojísọ́lá.

Mojísọ́lá ka ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kà á tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè rẹ̀.

"Ọkùnrin yẹn fún mi lómi, mo mu ún," ó ní.

Ó sọ fún wọn pé ohun tó wà nínú ìwé kò tó láti fi mú Olóyè. Ganiyat wá rán an létí nǹkan kan: Ọjọ́bọ̀ ni àwọn máa ka àbá àwọn, ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nínú gbọ̀ngán ilé ẹ̀kọ́. Olóyè sì ti pàṣẹ pé gbogbo ọdẹ pátá gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, láti fi yẹ́ àwọn ọmọ sí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Gbọ̀ngán kún. Olóyè Báyọ̀dé jókòó síwájú nínú agbádá funfun, ó ń pàtẹ́wọ́ ju gbogbo èèyàn lọ. Nígbà tí Fisáyọ̀ ka ọ̀rọ̀ ìyá Jàfárù, Olóyè mi orí, ó ní "ó mà ṣe o." Àwọn obìnrin kan tó ń sunkún lẹ́yìn Olóyè ló ń gbàdúrà fún un.

Ganiyat bọ́ síwájú.

"Àbá wa kejì," ó kà, "ni pé kí kọ́kọ́rọ́ géètì ìsàlẹ̀ má wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́."

Olóyè dáwọ́ àtẹ́wọ́ dúró, ó dìde. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fẹ́ yọ fóònù. Ọkùnrin kan tó wọ búbá lásán na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, ó rọra gba fóònù náà. Ọlọ́pàá ni. Ó ní kí Olóyè jókòó, ọmọ náà kò tíì kà á tán.

Gbàù!

Láti òpópónà ni ìró náà ti wá. Pánápáná àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti dé iwájú ilé ìtajà oògùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́pàá ti fara pamọ́ káàkiri òpópónà láti ọ̀sán, àwọn kan sì wà nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tó kọjú sí i. Ta-ta-ta-ta!

"Ó ti bàjẹ́! Ìsàlẹ̀, ẹ gba ìsàlẹ̀!" Pánápáná pariwo.

Vúúúmù! Ọ̀kadà méjèèjì sáré bí ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ń dúró de òun.

Ìsàlẹ̀ ni Mojísọ́lá wà. Ó ti fi ṣéènì tuntun de géètì náà.

Gbàgà! Ọ̀kadà àkọ́kọ́ lu irin. Èkejì yẹ̀ fún un, ó já sínú gọ́tà. Ọ̀kan nínú àwọn olè náà yìnbọn sókè, ọlọ́pàá ta á ní itan, ó ju ìbọn sílẹ̀. Ìkejì dọ̀bálẹ̀ láìsí ẹni tó ní kó dọ̀bálẹ̀. Ìkẹta fo ògiri sínú kánáàlì, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ mù ún dé àyà, òun fúnra rẹ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n wá fa òun jáde.

Ó ku Pánápáná.

Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó di ojú, ó fi eyín di ońdè kan mú, ó ń wí wúyẹ́wúyẹ́. Àfẹ́ẹ̀rí ló ń lò. Ó gbà pé ẹnikẹ́ni kò rí òun mọ́.

Àwọn ará àdúgbò ti ń jáde. Wọ́n tò yí i ká, wọ́n ń wò ó. Ọmọdé kan ń bi ìyá rẹ̀ pé kí ni bàbá yẹn ń ṣe.

Mojísọ́lá lọ dúró síwájú rẹ̀ gan-an.

"Festus, a ń rí ọ," ó ní.

Pánápáná la ojú kan. Ó tún un dì, ó sì fi kún ohun tó ń wí.

Inspẹ́kítọ̀ gba ọ̀rá lọ́wọ́ obìnrin kan, ó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́ kó tó já ońdè náà lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ rẹ̀ fà bí ilá. Gbogbo èèyàn yí ojú kúrò.

Nígbà tí wọ́n mú Olóyè Báyọ̀dé dé ìdí ọkọ̀ ọlọ́pàá, agbádá rẹ̀ ti bọ́ léjìká. Pánápáná rí i, ó bi í pé ṣé bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́ nìyí. Kò sí ẹni tó tún nílò ẹ̀rí mọ́.

Olóyè ń pe àwọn èèyàn lórúkọ, ó ń bẹ̀ wọ́n. Ganiyat gba àárín èrò kọjá pẹ̀lú ìwé rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Yorùbá.

"Olóyè, ẹ jọ̀ọ́ sà. Kí ni wọ́n ń fún yín?"

Olóyè fa agbádá rẹ̀ padà sórí èjìká.

"Wọn ò fún mi ní nǹkan kan," ó ní. "Wọ́n kàn ṣèlérí pé wọn ò ní dé ilé mi."

Ganiyat gbé bírò sórí ìwé. Ó gbé e kúrò. Ó pa ìwé náà dé, ó sì dìde lórí eékún rẹ̀.