Ìbéèrè Tí Èjí Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Béèrè

Bí o bá dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírùngbọ̀n, má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn. O lè kàn án títí ọwọ́ rẹ á fi bó. Okùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn náà. Fà á, gílóòbù pupa kan á tàn lókè tábìlì iṣẹ́, gbogbo ayùn á sì dúró. Káfíńtà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, adití sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èdè ọwọ́ ni wọ́n ń sọ. Nínú èdè yìí, wọn kì í fi orúkọ inú ìwé pe ara wọn. Ohun tí ojú bá rí lára ẹni ni wọ́n fi ń pè é. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fọwọ́ ra àgbọ̀n: Onírùngbọ̀n nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù, wọ́n á fi ìka kan àlàfo tó wà láàárín eyín iwájú: Èjí nìyẹn. Èjí náà ò gbọ́ràn. Òun ló ń wọn igi, òun ló ń ya àwòrán àga kí wọ́n tó gé e. Oyún oṣù méje sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé kan, gílóòbù tàn. Ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú báàgì awọ ní abíyá. Onírùngbọ̀n ti ń wá bébà àti bírò tí wọ́n fi ń bá àlejò sọ̀rọ̀, àfi bí ọkùnrin yìí ṣe gbé báàgì sílẹ̀ tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú làálàá. Tábìlì yìí mà ń dán bí ojú ìyàwó!"

Ọwọ́ ló fi sọ ọ́, ó sì já geere.

Òòlù bọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan. Ẹ̀ẹ̀melòó lọ́dún ni ẹni tó ń gbọ́ràn ń wọlé wá bá wọn sọ èdè wọn? Wọ́n yí i ká. Wọ́n gbé àga tuntun fún un, èyí tí oníbàárà ò tíì wá gbé.

"Níbo lo ti kọ́ ọ?" Onírùngbọ̀n bi í.

"Adití ni àbúrò mi, Bàbá. Yàrá kan náà la jọ dàgbà sí."

"Á! Ọmọ ilé ni ẹ́ nígbà náà!"

Oníbàágì wá sọ ohun tó bá wá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn olùdíje mẹ́ta tó ń du ipò ààrẹ yóò jókòó nínú gbọ̀ngàn àárín ìlú. Àwọn tí kò pọ̀ níye láwùjọ ni wọn yóò dá lóhùn: àwọn afọ́jú, àwọn tí ẹ̀yà wọn kò pọ̀, àwọn tó ń rìn lórí kẹ̀kẹ́ arọ, àwọn adití. Ìbéèrè kan péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní, ní ìṣẹ́jú kan péré. Kì í ṣe ìròyìn tuntun fún wọn. Onírùngbọ̀n ni alága ẹgbẹ́ adití, lẹ́tà ìpè sì ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó ti fi ìṣó mẹ́rin kàn án mọ́ ògiri gbọningbọnin, bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí.

"Ta ni yóò bá yín gbé e jáde lẹ́nu?" Oníbàágì bi wọ́n. "Ẹ fi lé mi lọ́wọ́. Èmi ni n ó jẹ́ ẹnu yín. Bọ́ọ̀sì á wá gbé yín, ẹ ó wọ aṣọ kan náà. Ẹ ṣáà kọ nọ́ńbà káàdì ìdìbò yín sílẹ̀ fún mi, kí n fi bá yín tọ́jú àga. Kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ béèrè?"

Gbogbo ojú yí sí Èjí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, Èjí lóyún àkọ́kọ́. Ó rí ẹ̀jẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó sì sáré lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ní kó jókòó, wọn yóò pè é. Nọ́ọ̀sì yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò rí ẹni dáhùn, ó sì ti fáìlì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Aago mẹ́jọ ni Èjí jókòó. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni ẹnìkan tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń pè ló wà níwájú wọn látàárọ̀. Oyún ti bàjẹ́.

"Èyí tó wà nínú mi báyìí," Èjí fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, "ilé ìwòsàn yẹn náà ni yóò lọ. Kò sí òmíràn nítòsí. Àga yẹn náà ni n ó jókòó sí."

Oníbàágì mi orí tàánútàánú. Wọ́n kọ nọ́ńbà káàdì wọn fún un.

"Ẹni tó mọ ọwọ́ wa ò lè tàn wá jẹ," Onírùngbọ̀n ní.

Àṣìṣe wọn nìyẹn. Ẹni tí òùngbẹ bá ti gbẹ pẹ́, kì í bi ẹni tó bu omi fún un pé ibo ló ti fà á.

Lọ́jọ́bọ̀, Oníbàágì padà wá. Ó ní kí àwọn dán ìbéèrè náà wò, kí òun fi fóònù gbà á sílẹ̀, ọ̀gá òun fẹ́ mọ bí yóò ṣe dún. Èjí dúró sí iwájú tábìlì.

Ẹ̀gbọ́n Èjí wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀dà ìwé ló ti ń ṣiṣẹ́ lódìkejì òpópónà, ó kàn wá jẹ búrẹ́dì ọ̀sán rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ni. Ọwọ́ lòun náà fi kí Oníbàágì nígbà tó wọlé, nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn nílé wọn nìyẹn. Oníbàágì kò sì bi í ní nǹkan kan.

Èjí gbé ọwọ́ sókè: "Nílé ìwòsàn ìjọba, wọ́n fi ẹnu pe orúkọ mi, n kò gbọ́. Oyún mi bàjẹ́. Kí lẹ ó ṣe fún wa?"

Oníbàágì gbé fóònù sẹ́nu, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin: "Àwa adití kí bàbá wa, olùdíje wa àtàtà. A ti rí iṣẹ́ ọwọ́ yín. Ẹ̀yìn yín ni gbogbo wa wà. Ẹ ṣáà bá wa kọ́ ibi ìgbafẹ́ kan."

Búrẹ́dì dúró lẹ́nu Ẹ̀gbọ́n.

"Ọ̀gá," ó sọ ọ́ sókè ketekete, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ti oyún yẹn, ibo lẹ sọ ọ́ dé?"

Díẹ̀ ló kù kí fóònù bọ́ lọ́wọ́ Oníbàágì. "Ìwọ... ṣé ò ń gbọ́ràn ni?"

"Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Wọ́n tiẹ̀ ní mo máa ń gbọ́ ohun tí kò kàn mí."

Ó yíjú sí bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, látorí bàbá wa títí dórí ibi ìgbafẹ́.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìdákẹ́jẹ́ kì í ṣe àìsí ariwo. Ìdákẹ́jẹ́ ni kí gbogbo ọwọ́ wà nílẹ̀. Gbogbo ọwọ́ wà nílẹ̀.

"Ẹ má bínú," Oníbàágì ní, "bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn ńlá sọ̀rọ̀ nìyẹn. Mo kàn bá yín tún un ṣe díẹ̀..."

Onírùngbọ̀n na àtẹ́lẹwọ́. "Ìwé tí a kọ nọ́ńbà káàdì wa sí. Kí o sì pa ohun tí o gbà sínú fóònù yẹn rẹ́ lójú mi."

Ó pa á rẹ́, ó yọ ìwé náà fún un. Bó ṣe ń gbé báàgì rẹ̀, Èjí dúró sí iwájú rẹ̀.

"Àbúrò rẹ tó kọ́ ẹ lédè yìí, ṣé ó mọ ohun tí ò ń fi ṣe?"

Oníbàágì ki báàgì rẹ̀ bọ abíyá. Ó jáde.

"Ó dáa, ká má lọ mọ́," Onírùngbọ̀n ní. "Tàbí kí ìwọ bá wa sọ ọ́," ó nàka sí àkọ́bí rẹ̀.

"Èmi kẹ̀? Níwájú kámẹ́rà? Bàbá, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n bíi máṣíìnì ìránṣọ."

Ẹ̀gbọ́n wá ránṣẹ́ sí Tíṣà. Ọgbọ̀n ọdún ni obìnrin àgbàlagbà yìí fi kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé adití kó tó fẹ̀yìn tì. Èjí fúnra rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ìwé. Ó dé nírọ̀lẹ́, ó fa okùn, ó wọlé, ó gbọ́ gbogbo àlàyé. Ó rìn lọ sí ibi tí lẹ́tà wà lára ògiri.

"Ta ló ka ẹ̀yìn lẹ́tà yìí?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Ẹ̀yìn wo?" Onírùngbọ̀n béèrè.

"Káfíńtà! Ìṣó mẹ́rin fún bébà kan! Ẹ fún mi ní nǹkan tí mo lè fi yọ ọ́."

Wọ́n yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kún ẹ̀yìn rẹ̀ bámúbámú. Tíṣà tò ó lé ọwọ́: àwọn tó ṣètò ìpàdé ti pèsè ògbufọ̀ èdè ọwọ́ méjì tí kì í ṣe ti ẹgbẹ́ òṣèlú kankan. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ ìbéèrè rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó pé, wọn yóò gbé e sójú pátákó ńlá bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an. Kí ẹnikẹ́ni má wọ aṣọ òṣèlú wọlé. Ọ̀fẹ́ ni àga.

"Ẹ wò ó dáadáa. Ṣé wọ́n béèrè káàdì ìdìbò níbì kan?"

"Rárá," Èjí ní.

"Ọjọ́ ìdìbò nìkan ni káàdì yín níṣẹ́. Ẹni tó bá ń gba nọ́ńbà rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ẹ sì máa rí i dájú: ẹni tó bá máa gbẹnu sọ fún yín, kí ẹnìkejì wà níbẹ̀ tó ń gbọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ò níí sọ nǹkan kan níwájú kámẹ́rà. Etí rẹ̀ nìkan la fẹ́."

"Etí ò ní gbọ̀n," Ẹ̀gbọ́n ní.

Ara tù wọ́n. Ó ku ìbéèrè. Tíṣà kọ èyí tí Èjí béèrè tẹ́lẹ̀ sórí pákó kan: Kí lẹ ó ṣe fún wa?

Onírùngbọ̀n wò ó, ó gbọn orí. "Ilẹ̀kùn tí wọ́n wọ̀n burúkú nìyí. Àlàfo rẹ̀ ti pọ̀ jù, ajá pàápàá á gbabẹ̀ jáde. Wọ́n á ní àwọn ó ṣe dáadáa fún wa, ó parí."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fá a bí ẹni ń fá igi. Wọ́n kọ, wọ́n pa rẹ́. Ibi tí olùdíje bá lè gbà yọ, wọ́n á dí i. Ọjọ́ Ẹtì, kí aago mẹ́wàá tó lù, Ẹ̀gbọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ó ti fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ ìpàdé, gbọ̀ngàn kún. Nígbà tó kan Èjí, ó dìde, ó gbé ọwọ́ sókè, àfi wìì, wọ́n pa iná ìjókòó kí ìmọ́lẹ̀ lè mú àwọn olùdíje dáadáa lórí ìtàgé. Àwọn tó ń gbọ́ràn kò fura. Èjí wà nínú òkùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ lókè, ògbufọ̀ kò sì rí i. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ ti ń lọ.

Onírùngbọ̀n tan iná fóònù rẹ̀, ó tàn án sí ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Àwọn káfíńtà yòókù tan tiwọn. Ìlà àwọn afọ́jú béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n sọ fún wọn, àwọn náà ní kí ẹnìkan bá àwọn tan tàwọn. Olùdarí ètò rí i, ó ké sí àwọn oníná, ó sì ní kí wọ́n ka ìṣẹ́jú náà látìbẹ̀rẹ̀.

Èjí béèrè ìbéèrè rẹ̀: "Oyún mi bàjẹ́ nítorí wọ́n fi ẹnu pè mí nílé ìwòsàn. Ṣé ẹ ó fi pátákó nọ́ńbà àti ẹnìkan tó mọ èdè ọwọ́ sí gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba? Bí bẹ́ẹ̀ ni, oṣù wo? Bí oṣù náà bá kọjá, ta ni ká lọ bá?"

Ẹ̀gbọ́n tẹ́tí sí ògbufọ̀, ó na àtàǹpàkò sókè. Ògbufọ̀ kò yí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan padà nínú ohun tó wà lójú pátákó ńlá.

Olùdíje àkọ́kọ́ sọ̀rọ̀ pẹ́ lórí ìfẹ́ tó ní sí gbogbo ènìyàn. "Oṣù wo, sà?" olùdarí ètò bi í. "A máa wò ó," ó ní. Èkejì ní oṣù kẹta tí òun bá gorí àlééfà, kí wọ́n bi mínísítà ìlera. Ẹ̀kẹta ní kò sí ẹni tó bi òun rí, òun ò sì fẹ́ parọ́, òun yóò kọ ìdáhùn ránṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́tà rẹ̀ sì dé lọ́jọ́ kẹtàlá. Èjí kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ.

Bí wọ́n ṣe ń jáde, obìnrin kan tọ̀ wọ́n wá. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn yẹn ni. Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Pátákó nọ́ńbà ò ní dúró de ààrẹ," ó ní. "Ta ló lè bá wa kan ọ̀kan lọ́sẹ̀ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀. Onírùngbọ̀n yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, Èjí jókòó sí àga tó ń bà á lẹ́rù. Iwájú rẹ̀ ni pátákó igi dídán kan wà, bàbá rẹ̀ ló kàn án, òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán rẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ yí i. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó tún yí i. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Èjí wo nọ́ńbà ọwọ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó dìde.

Ọjọ́ tó bímọ, Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọwọ́ sọ fún un bí ọmọ náà ṣe ń ké. "Ariwo rẹ̀ pọ̀ o," ó ní. "Á du ipò ààrẹ."

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá kéré níye, ìbéèrè yín kì í ṣe kékeré. Bí àwọn olùdíje bá pè yín láti gbọ́ tẹnu yín, ẹ lọ. Ẹ ka lẹ́tà ìpè tojú tẹ̀yìn. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ fúnra yín, kó ní ohun tí ẹ fẹ́, ìgbà tí ẹ fẹ́ ẹ, àti ẹni tí ẹ ó bi. Ẹ má fi nọ́ńbà káàdì ìdìbò lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ nítorí àga tàbí bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ní òun yóò jẹ́ ẹnu yín, bó ti wù kó mọ èdè yín tó, ẹ wá etí kan tí yóò máa ṣọ́ ẹnu náà. Ẹ kọ ìdáhùn olùdíje kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bó bá wá di ọjọ́ ìdìbò, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ ṣí ìwé yẹn, kí ẹ tún un kà.