Ẹ Bi Wá Léèrè Kí Ẹ Tó Ràn Wá Lọ́wọ́

Nígbà tí wọ́n pe orúkọ Mapendo lábẹ́ ìbòrí tapólì ní ibùdó ogúnléndé Nakivale, ó gba páálí tí wọ́n nà sí i, ó sì tú u níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, èmi kì í ṣe onídìrí."

Ọ̀dọ́kùnrin àjọ aṣèrànwọ́ tó ń pín in rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ ó kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni."

"Kò síná ní àdúgbò wa."

"Ẹ dúpẹ́ ná. Àwọn kan ò rí gbà."

Mapendo gbé páálí náà kúrò níbẹ̀. Ogún ọdún ló fi ṣe wàràkàṣì ní Masisi, kí ogun tó lé òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ kúrò ní Kóńgò. Ọdún méjì rè é ní Uganda, wọ́n ti kà á, wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í ní iṣẹ́ tó mọ̀.

Bó ṣe ń padà lọ sílé, ó bá Rwabwogo, ọmọ onílẹ̀ tó ń sin màlúù, níbi tó ti ń da wàrà sí kòtò. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, ọkọ̀ tó ń gbé wàrà lọ sí Mbarara ò sì dé.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ̀ ń da oúnjẹ nù?"

"Ó ti kan. Ti àárọ̀ yìí náà á kan tó bá dọ̀la."

"Ẹ gbé ti àárọ̀ yìí fún mi." Bí ẹni ń pàṣẹ ló ṣe sọ ọ́.

Ó wá àpòlúkù ọmọ màlúù lọ sọ́dọ̀ alápatà, omi inú rẹ̀ tó máa ń mú wàrà dì ló fi sọ ọ́ di wàràkàṣì. Nígbà tí Rwabwogo tọ́ ọ wò, ó tún mú díẹ̀ sí i.

"Èyí máa tà. Àmọ́ wọ́n ní ogúnléndé ò gbọdọ̀ tajà lọ́jà wa."

"Ta ló sọ ọ́?"

Rwabwogo ò mọ̀. Ó mú un lọ bá Kyomuhendo, obìnrin tó ń bójú tó ètò òwò ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

"Irọ́ ni," Kyomuhendo ní. "Òfin wa gbà kí ogúnléndé ṣòwò. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wolé-wolé wo ibi iṣẹ́ yín, kí ẹ sì gba ìwé àṣẹ. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Nígbà tí Mapendo sọ fún un nípa ẹ̀rọ irun náà, Kyomuhendo bá a dé ọ́fíìsì àjọ yẹn.

"Kí lẹ bi àwọn èèyàn wọ̀nyí kí ẹ tó rajà?" Kyomuhendo béèrè.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí fáìlì. "Kò sáyè fún ìbéèrè nínú fọ́ọ̀mù wa."

"Ta ló kọ fọ́ọ̀mù náà?" Mapendo béèrè. "Ṣé èmi ni?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà mú bírò, ó kọ iṣẹ́ tí Mapendo mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, àjọ náà ra ìkòkò ńlá àti àwo ìmọ wàràkàṣì fún un. Òun àti Rwabwogo ti gba ìwé àṣẹ, ilé oúnjẹ méjì ní Mbarara ló sì ń ra wàràkàṣì lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, Rwabwogo ò sì da wàrà nù mọ́. Síbẹ̀, Mapendo ò tíì dárí ji àjọ náà nítorí ọdún méjì tó fi jókòó lásán.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ran ogúnléndé lọ́wọ́, ogun kó ilé wọn, kò kó ọgbọ́n orí wọn. Ẹ bi wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ kí ẹ tó náwó. Ẹ wá ọmọ onílẹ̀ tí òwò náà máa ṣe láǹfààní, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Ẹ bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń gbàwé àṣẹ. Ìwọ ogúnléndé ẹ̀wẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá ní o ò gbọdọ̀ tajà, ní kó fi òfin náà hàn ọ́.